Òpéléńgẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà Ìyá Mi

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹni tó wà níbi tí ẹ wà kì í gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Bàbá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ì bá yé, òun náà kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà létí láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Àǹtí Rámọ́tù, àbúrò Bàbá, ló ṣàìsàn. Inú ló ń run ún, ó sì le débi pé ilé ìwòsàn tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní Adéwọlé ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rántí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un nígbà kan, tí gbogbo ara rẹ̀ wú, tí kò rí èémí mí? Kò sí ẹni tó mọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà mọ́. Àǹtí fúnra rẹ̀ ní funfun ni. Dókítà ní funfun kì í ṣe orúkọ oògùn, pé bí òun bá ṣèèṣì tún fún un ní irú rẹ̀, ó lè gba ibẹ̀ kú. Wọ́n wá orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, wọn kò rí i. Rámọ́tù ẹlòmíràn kún ibẹ̀, tiwa kò sí.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní èmi ni ẹ kọ́ ní iṣẹ́ náà.

Màmá, kí ló dé tí ẹ kò fi àlàyé kankan sílẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ́ dátábéèsì yẹn, àpótí inú kọ̀ǹpútà tó kó orúkọ gbogbo aláìsàn pamọ́, láti ìpìlẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ inú rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣì ń sọ̀rọ̀ wàrà tí ẹ máa ń rà bọ̀ fún wọn láti Ọjà-Ọba. Ìborùn yín aláwọ̀ ewé ṣì bo kọ̀ǹpútà náà nítorí eruku ọyẹ́. Mo ká a kúrò, mo gbé e sí imú, ojú sì tì mí díẹ̀ nítorí nọ́ọ̀sì kan ń wò mí. Òórùn yín ti kúrò lára rẹ̀. Eruku nìkan ló kù. Ó dùn mí ju ọjọ́ tí a sin yín lọ.

Mo jókòó, mo kọ sikírípìtì kan bí ẹ ti kọ́ mi, àwọn ìlà àṣẹ díẹ̀ tí yóò bi dátábéèsì léèrè pé àwọn tábìlì wo ló wà nínú rẹ̀, àti àwọn òpó wo ló wà nínú tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa ń sọ pé tábìlì ni yàrá ibẹ̀, pé òpó sì ni ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa ẹni tó wà nínú yàrá náà: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tó ń ṣe é. Mo kọ́kọ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí a máa ń fún òpó oògùn tí ara aláìsàn kọ̀ níbi iṣẹ́ mi ni mo ní kó bá mi wá. Kò mú nǹkan kan bọ̀. Ta ló ní kí n máa fi Gẹ̀ẹ́sì wá nǹkan nínú ilé yín? Mo pa á rẹ́, mo ní kó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìku ẹyọ kan. Mo ṣe Bísímílàhì kí n tó tẹ bọ́tìnnì, bí ẹ ti máa ń ṣe, bíi pé oúnjẹ lẹ fẹ́ jẹ.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Tábìlì aláìsàn, tábìlì oògùn, tábìlì ibùsùn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo rí ọ̀kan tí ẹ pè ní ilé ọkọ mi. Òpó inú rẹ̀ kò pọ̀: bí mo ṣe ń pè é, ohun tó ń ṣe é, èèwọ̀ ara rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu mi. Ìyàwó ilé lẹ jẹ́ títí dé inú kọ̀ǹpútà. Ẹnu yín kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹni tí ẹ bá nílé ọkọ, ọwọ́ yín náà kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí tábìlì aláìsàn kò gbà ju orúkọ orí káàdì lọ, ẹ kọ́ yàrá mìíràn fún wọn. Akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n Bàbá, wà níbẹ̀. Òpéléńgẹ́ náà wà níbẹ̀, orúkọ tí ẹ fún Àǹtí nígbà tí ẹ wọlé ọkọ, tí òun ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tínínrín. Ẹ ì bá wá wo Òpéléńgẹ́ báyìí, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Orúkọ abẹ́rẹ́ náà hàn kedere lábẹ́ èèwọ̀. Dókítà kà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní èyí gan-an ni òun ì bá fún un.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n Àǹtí kò tètè jí. Nọ́ọ̀sì ń pe Rámọ́tù, Rámọ́tù, kò dáhùn. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn kì í ṣe tèmi láti pè, ọmọ ilé ni mí, n kì í ṣe ìyàwó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Òpéléńgẹ́."

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí tẹ̀súbáà.

Àǹtí kò lajú. Ó na ọwọ́, ó ń wá nǹkan lórí ibùsùn. Ó ní, "Ìyàwó mi. Ibo lo ti lọ látàárọ̀?"

Mo fi ọwọ́ mi sínú tirẹ̀. Kí ni ǹ bá sọ fún un, Màmá? Mo tún pè é ní Òpéléńgẹ́, kó má baà mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin.

Kí Ọlọ́hun tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jogún ohùn yín.