Ọwọ́ Òsì Oyèbísí

Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún
Ọmọ mọ́kànlá ló wá. Oòrùn Bwari ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ Gáìdì mi gbálẹ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n pọnmi, Oyèbísí sì ń kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ ọwọ́ sínú káàdì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá! Nọ́ọ̀sì ní òun ò mọ bí òun ì bá ṣe ṣe é láìsí wa. Inú mi dùn — mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, Oyèbísí á ṣe ìlérí ẹgbẹ́, èmi Kápúténì wọn á fi báàjì sí i láyà.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹfà
Oyèbísí pè mí. "Kápúténì, wọ́n ní kí n máa lọ sí Kàbà." Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó lọ máa ṣọ́. Ìwé ńkọ́? Bàbá ní ó tó. Látìgbà tí ìyá ọmọ ti kú ló ti ń rò ó. Ọmọ náà ò sunkún. Èmi ni mo sunkún, nínú mọ́tò mi, níwájú báńkì.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ keje
Oúnjẹ ò lọ.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kọkànlá
Mo lọ sílé wọn. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ — káfíńtà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ — mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ọmọ yìí kàwé rẹ̀ parí. Tó bá gbà, kó máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun gbọ́, òun á rò ó. Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà, obìnrin oníṣọ́ọ̀bù tó wá láti Kàbà — mo ti sọ ọ́ ní Àǹtí Adájọ́ — ń wò mí látòkè délẹ̀.

Ni Oyèbísí bá gbé omi wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sí mi. Mo fi òsì tèmi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Níwájú bàbá rẹ̀! Bí a ṣe ń kíra nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Èmi náà ni mo kọ́ ọ: ọ̀tún ni ti gbogbo ayé, òsì ni ti àwa. Níbo lorí mi wà?

Àǹtí Adájọ́ dìde. Ó ní òun ti gbọ́ pé wọ́n ń búra nínú ẹgbẹ́ yẹn. Mo ṣàlàyé ìlérí, mo ṣàlàyé ìka mẹ́ta tá a máa ń gbé sókè. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń burú sí i. Bàbá ò pariwo. "Ọmọ mi ń fi ọwọ́ òsì kí àgbà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ máa lọ, ẹ ṣeun."

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo pe bàbá Oyèbísí, kò gbé e. Mo ní kí pásítọ̀ bá mi bẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ ní òun náà fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ òsì wà fún.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Ọmọ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ti délé àwọn òbí. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń kọ káàdì, àwọn ìyá ọmọ tò títí ọ̀sán fi pọ́n.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kọkàndínlógún
Ẹnu ló máa ń kóbá ẹlòmíì. Tèmi, ọwọ́ ni. Ọmọ ọlọ́mọ ló sì kó bá.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Òní ni ìlérí rẹ̀ ì bá wáyé. Mo bá wọn ní gáréèjì láàárọ̀, báàjì wà nínú àpò mi. Bàbá rí mi, kò lé mi. Ó kàn kọjú sí ẹrù.

Oyèbísí ti jókòó lẹ́bàá fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì Kàbà. Mo na òsì sí i — ṣé mi ò gbọ́n ni? Ó wo bàbá rẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi.

"Ó dàbọ̀, mà."

Kò pè mí ní Kápúténì. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà sí mi.