Màmá Ìbídàpọ̀ Àyọ̀ká Ògúndèjì, Ìyá Olómi Òdòdó (1957–2025)

Ìwéré-Ilé ni wọ́n bí Màmá sí lọ́dún 1957, ní àsìkò tí wọ́n ń kọ ebè, ní agboolé Ọ̀jẹ̀ládé. Àgbẹ̀ tó tún ń ṣọdẹ ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Olóògbé Ifádùnní, a máa se àgbo ọmọ fún àwọn abiyamọ. Màmá ni àbígbẹ̀yìn, àwọn ni gbogbo ilé sì ń rán níṣẹ́, torí wọn kì í lè jókòó sójú kan.

Ní 1964 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọ̀dá dá tí iṣu kò ta, bàbá wọn yọ wọ́n kúrò kí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin lè parí tiwọn. Ojú ọ̀nà oko ni ẹ̀gbọ́n wọn ti gba síléètì lọ́wọ́ wọn, Màmá sì lè fi igi tó wà níbẹ̀ hàn yín títí wọ́n fi dàgbà.

Ní 1977 wọ́n fẹ́ Olóògbé Akínyẹlé Ògúndèjì, jórinjórin ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni Màmá ti wá parí ìwé mẹ́fà ní 1983. Èéfín àtùpà a máa mú ọmọ ẹ̀yìn wọn wúkọ́, wọ́n á dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n á dúró sí tí wọ́n á ti máa dáhùn ìbéèrè tíṣà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni èèyi pa Dayọ̀, ọmọ wọn kejì. Ní agboolé Ògúndèjì, wọn kì í jẹ́ kí ìkòkò àgbo ọmọ gbẹ. Wọ́n á bu tuntun lé èyí tó kù nídìí, bí ọmọ bá sì kú nìkan ni wọ́n ń da àgbo rẹ̀ nù, tí wọ́n ń dojú ìkòkò délẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni Màmá fi ṣe é.

Wọ́n ta gààrí, wọ́n ta kaṣú. Ní 2016, ọkọ wọn jó ìkòkò irin kan tó ní ọ̀pá tó gba inú omi tútù kọjá kí ooru inú rẹ̀ lè di omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í se òdòdó ọsàn láti oko wọn lọ́nà Adó-Àwáyè. Òróró tó ń léfòó kò tó nǹkan. Omi olóòórùn dídùn abẹ́ rẹ̀ ló pọ̀. Bàbá dolóògbé ní 2018. Màmá kò dáwọ́ dúró, àwọn pẹ̀lú Débọ́lá ọmọ wọn, àti Ìyá Àpọ́nlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn.

Fàrídà, tó ń ṣe ìpara ọmọ ní Ìbàdàn, ló ń ra omi náà. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ohun funfun bí òwú á fi hù nínú ìgò.

Fàrídà ní, “Ẹ jẹ́ ká kán kẹ́míkà díẹ̀ sí i, Màmá. Gbogbo ayé ló ń ṣe é.”

“Ara ọmọ tuntun ni wọ́n ń fi í pa. Ìwọ náà á bímọ.”

Dípò kẹ́míkà, Màmá ra asẹ́ pẹlẹbẹ kan tí ihò rẹ̀ tín-ín-rín débi pé kòkòrò àìfojúrí kò lè gbabẹ̀ kọjá. Wọ́n ń se ìgò, wọ́n ń se ọwọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ti omi gba inú asẹ́, wọ́n ń fi aṣọ funfun sẹ́ omi kí ó tó kan asẹ́ náà. Síbẹ̀ asẹ́ ń dí, bí omi bá sì kọjá, ó ń rùn. Màmá bá kànga jà, wọ́n bá Débọ́lá jà, oorun kò kùn wọ́n.

Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n yọ sí Ìyá Àpọ́nlé lójijì: ó ń da omi tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ nínú dúróòmù tí omi òdòdó ń wà kí wọ́n tó sẹ́ ẹ.

“Ìyàwó, kí lò ń wò mí bẹ́ẹ̀ sí? Ta ní í jẹ́ kí ìkòkò gbẹ kanlẹ̀? Ṣé o fẹ́ ká dojú rẹ̀ délẹ̀ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, àgbo kọ́ nìyí. Èyí tó kù nídìí ló ń ba tuntun jẹ́. Ẹ bá mi gbé e.”

“N ò ní fọwọ́ kàn án.”

“Dayọ̀ lẹ̀ ń rò. Èmi náà ni mò ń rò. Ẹ gbé e.”

Wọ́n jọ gbé e. Màmá dà á nù, wọ́n fi omi híhó fọ̀ ọ́, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ. Ìyá Àpọ́nlé kọ ẹ̀yìn sí i títí. Láti ọjọ́ náà, asẹ́ kò dí mọ́.

Fàrídà ní òun kò ní gba omi náà àfi bí ooru ẹ̀ẹ̀rùn bá kọjá lórí rẹ̀ láìhu òwú. Màmá to ìgò sójú fèrèsé, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á wò ó, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á tún padà wá. Nínú ìjọ, wọn kì í dúró gbọ́ ìkéde tán. Àwọn aládùúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá Olómi, ṣé ẹ ń retí kó sọ̀rọ̀ ni?” Màmá á ní, “Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.” Síbẹ̀ wọ́n ń lọ sí Ìlúà àti Ìwéré-Ilé láti kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń se ìgò.

Ẹ̀jẹ̀ ríru dá Màmá dúbúlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2025. Orí ibùsùn náà ni wọ́n ti ń béèrè bóyá Fàrídà ti dé. Wọ́n dágbére fáyé kó tó dé.

Ìbánikẹ́dùn ló gbé Fàrídà wá, pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ìgò kan sójú oòrùn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sí òwú. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa á lọ́rùn. Ìyá Àpọ́nlé ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Màmá fi Débọ́lá, Ayọ̀bámi àti Ìyápọ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, àti Ìyá Àpọ́nlé tó ń se òdòdó ọdún yìí.

Màmá, omi yín mọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ sì sinmi lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá yín.