Àyẹ̀wò Mọ́kànlá, Pupa Látòkè Délẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà
Mọ́kànlá. Gbogbo àyẹ̀wò mi pupa, ọ̀kan ò yege! Ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi èdè Java kọ fún ilé ìwòsàn là ń yẹ̀ wò, èyí tí yóò máa pín bẹ́ẹ̀dì fún aláìsàn. Kí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, apá ètò tí à ń pè ní setUp ló yẹ kó to bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè é. Kò tò ó. Kò tilẹ̀ yọjú. Àyẹ̀wò wọlé, ó bá òfìfo.
Ti Ọwọ́yá ńkọ́? Ó yege látòkè délẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ni o. Èmi ni mo sì mú un wọ ọ́fíìsì yìí.

Ìṣẹ́gun, 7
Mo kọ ìlà kan sínú setUp pé kó sọ "mo dé". Kò sọ nǹkan kan. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn — òfìfo.
Ọwọ́yá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n bá yín wò ó?" Mo ní ó ti fẹ́ yanjú. Irọ́ ni. Ọ̀gá Onígíláàsì wà nítòsí, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló sì máa yan olórí àwa aláyẹ̀wò. Ọdún méje ni mo ti ń retí ipò yẹn. Oṣù mẹ́jọ péré ni Ọwọ́yá lò níbí.

Ọjọ́rú, 8
Ọ̀gá pe Ọwọ́yá ní ọwọ́ ọ̀tún òun. Mo da oúnjẹ ọ̀sán mi nù.

Ọjọ́bọ̀, 9
Kí n má purọ́ fún ìwé tèmi: mo ń jowú. Mo ń jowú bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì láìwo ọwọ́. Mo ń jowú ẹ̀rín rẹ̀. Ìyá mi pè mí lónìí, ó kọ́kọ́ béèrè Ọwọ́yá ná. Ìyá tèmi!

Ẹtì, 10
Ọwọ́ mi ti bà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ọwọ́yá gbé JUnit tuntun wọlé, ohun èlò tí à ń fi ṣe àyẹ̀wò. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, setUp mi ò ṣàìsàn rí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.
Mo lọ bá Ọ̀gá, mo ní ọmọ yìí ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó bọ́ gíláàsì, ó ń nù ún. Inú mi dùn. Ó dùn gan-an ni.

Àìkú, 12
Àbúrò mi pè. Ó ní ìyàwó òun ti gbọ́ pé wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọ̀gá, kò sì jẹun láti àná. Mo ní kó fún un lómi mu.

Ajé, 13
Ìpàdé. Ọ̀gá bi Ọwọ́yá léèrè bóyá òun ló ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."
Wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí àyẹ̀wò, wọ́n ní kó lọ máa kọ ìwé àlàyé fún oníbàárà. Mo borí. Kò dùn tó bí mo ṣe rò.

Ìṣẹ́gun, 14
Wọ́n ti yọ ọ́, mọ́kànlá ṣì pupa.
Mo wá ka fáìlì mi láti ìlà kìíní. Test tí mo pè, àmì tó ń dá àyẹ̀wò mọ̀, ti JUnit tuntun ni. Before tó wà lórí setUp, àmì pé kó ṣáájú, ti àtijọ́ ni. Tuntun ò mọ Before, BeforeEach ló mọ̀. Kì í pariwo, ó kàn ń gbójú fò ó ni. Mo yí i padà. Mọ́kànlá yege lẹ́ẹ̀kan náà.
Ta ló yí Test tó gbàgbé Before? Mo wo àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Orúkọ mi ni. Ọwọ́yá ti kọ̀wé sí gbogbo wa pé ká yí méjèèjì. Ó tilẹ̀ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni má bàa dúró. Mi ò ka ìwé náà tán. Torí pé òun ló kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 15
Mo bá Ọwọ́yá nídìí ẹ̀rọ omi. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé èmi ni. Ó wolẹ̀.
"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí orúkọ yín nínú àkọsílẹ̀."
Mo ní kí ló dé tí kò sọ.
"Ṣé kí n wá dójú ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi níwájú Ọ̀gá ni?"
Ní agogo mẹ́rin, Ọ̀gá kéde olórí tuntun. Èmi ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo dìde láti sọ òtítọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣeun púpọ̀, sà."