Mo yọ Bàbá Tísà kúrò nínú rédíò mi

Admin, ẹ má fi orúkọ mi hàn o. Bàbá kan ń pè mí kí n gba àwọn là, mo sì ti mọ̀ọ́mọ̀ di etí mi sí wọn... ìlú wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Aránṣọ ni mí lápá Ute níbí. Àwọn àgbẹ̀ wa pawọ́ pọ̀ ra rédíò àfọwọ́mú, èyí tí èèyàn ń tẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò lóko. Wọ́n ní kí èmi máa gbọ́ ti gbogbo wọn torí pé ojú títì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀nà oko mẹ́rin la ní, kálukú pẹ̀lú channel tiẹ̀, rédíò tèmi á sì máa yí gbogbo ẹ̀ ká. Bàbá Tísà nìkan ló wà lórí channel kẹrin, lápá odò. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìyàwó wọn ti kú, ẹnu wọn kì í sì í sinmi. Wọ́n á kí mi, wọ́n á kí ìyá mi, wọ́n á kí mẹ́ṣíìnì mi, wọ́n á béèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n tó wá sọ pé àwọn ti dé oko. Àwọn kọ́sítọ́mà á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ mi ti ń pè.

Ẹni tó bá wa ṣètò rédíò kọ́ mi pé mo lè ṣe setting tó bá wù mí kí n sì save ẹ̀. Mo wá ṣe ọ̀kan tó ń fo channel kẹrin. Mo ní ọjọ́ Sunday nìkan ni màá máa lò ó, tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì... bọ́tìnnì kan péré ni. Láti Sunday ó di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ó wá di ojoojúmọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni màá dá a padà, màá kí wọn kú àbọ̀ bí ẹni pé mo ti ń gbọ́ wọn látàárọ̀.

Tuesday kan, aago mẹ́jọ àárọ̀, bàbá yọ̀ ṣubú lẹ́bàá odò, egungun itan wọn kán. Wọ́n pè mí, wọ́n pè mí... Aṣọ akọrin ìjọ wa ni mò ń rán, mò ń kọrin sí i. Aago mẹ́rin ni mo tó dá a padà. Ohùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́, síbẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ kí mi kú iṣẹ́. Mo figbe ta, àwọn ọkùnrin sáré lọ gbé wọn, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù l'Ọ̀wọ̀.

Kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mo wà látàárọ̀, ńṣe ni gbogbo ìlú ń dúpẹ́ pé èmi ni mo gbọ́ wọn. Bàbá fúnra wọn ní bóyá ọjọ́ ogbó ni, pé àwọn ò tẹ rédíò bó ṣe yẹ. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wá gbà pé bàbá ò lè lo rédíò mọ́, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn fún ẹlòmíì, èmi gan-an ni wọ́n ní kí n lọ gbà á ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọ̀pá ni bàbá fi ń rìn báyìí, wọ́n sì ti ní àwọn máa padà sóko náà, rédíò wà o, kò sí o. Tí wọ́n bá tún ṣubú ńkọ́? Ta ni wọ́n máa pè?

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo lọ bá wọn nílé lánàá kí n lè jẹ́wọ́. Kí n tó lanu, wọ́n ti ń gbàdúrà fún mi, wọ́n ní Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí n pe èèyàn kí n má rẹ́ni dáhùn. Mo ṣe àmín. Mo padà sílé láìtíì jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé bàbá nìkan ni kí n sọ fún, àbí iwájú gbogbo ẹgbẹ́? Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé kíkí tó ń kí òun lòun sá fún, tóun fi jẹ́ kó sùn sílẹ̀ látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́?