Orin Ewúrẹ́ Tí Mo Gbọ́ Ní Ìkàrẹ́

Ilé Dáramọ́lá,
Òkè-Ọ̀kà, Àkókó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Ìbísọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ilé kí ọ. A ò ní fi ẹkún gbúròó rẹ, ìwọ náà ò sì ní fi ẹkún gbúròó wa. Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí oṣù tuntun yìí kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Ara wa le, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, mo sì gbà á gbọ́ ju rédíò lọ. Bí o bá rí i pé lẹ́tà ni mo kọ dípò kí n pè ọ́, má rò pé fóònù mi ti bàjẹ́. Nǹkan kan kò ṣe é. Mi ò fọkàn tán an ni. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ sínú nǹkan tí kò mọ ibi tí ìdí rẹ̀ wà.

Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, mo sì ń fura sí i, nítorí iṣu kì í ṣàdéédé ta báyẹn. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, omi rẹ̀ mọ́ jù, mi ò tíì fi kan ẹnu, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ dúró síbẹ̀ láti wo àwọn tó ti mu ún bóyá nǹkan yóò ṣe wọ́n. Bánkì náà kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ń kọ̀wé sí mi lórí fóònù, wọ́n ń pè mí ní “Ọ̀wọ́n wa,” ìyá rẹ sì bi mí pé ta ni obìnrin náà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mi ò dá a lóhùn, síbẹ̀ kò yéé kọ̀wé, àní lọ́jọ́ ìbí mi òun ló kọ́kọ́ kí mi kí ìyá rẹ tó jí, ọjọ́ náà kò sì dùn nílé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, pé kí wọ́n bá mi lé bánkì yìí kúrò nínú rẹ̀. Obìnrin kan wà ní àdúgbò Jubilee níbẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe, Habeebat lorúkọ rẹ̀, ọmọ Alhaji Badmus tó ń ta páànù. Abiyamọ ni, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì ń tú fóònù bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í gbágbágbá kí ó má baà pààrọ̀ ìfun fóònù mi.

Bí mo ṣe jókòó ni mo gbọ́ orin kan láti inú fóònù tirẹ̀. Orí mi fò lọ.

Orin ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ inú géèmù tí mo rà fún ọ ní Ọjà Ọba nígbà tí o wà ní ìwé márùn-ún, èyí tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ewúrẹ́ kékeré kan ń gun òkè, tó ń fò láti orí àpáta kan bọ́ sórí òmíràn. Bó bá ṣubú, orin á ṣubú tẹ̀lé e, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọdún méjì ni orin yẹn fi gba ara ògiri wọ yàrá mi, mo mọ̀ ọ́n ju orin ìjọ wa lọ. Èmi náà ni mo gba ẹ̀rọ ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ, tí mo tà á fún olùkọ́ kan ní Ògbàgì, nítorí mo fura pé ewúrẹ́ tó ń ṣubú látorí àpáta tí kì í kú, tó tún ń dìde, kì í ṣe ewúrẹ́ lásán. Ọjọ́ mẹ́ta lo fi sunkún.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ ní Ìkàrẹ́ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń lọ́ra. Ewúrẹ́ náà gòkè díẹ̀, ó ṣubú, ìṣubú náà gùn bí ìgbà tí òkúta bá jìn sí kànga, gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́ wáí. Mo sọ fún Habeebat pé iná fóònù rẹ̀ ti tán. Ó ní kò tán o, Bàbá, inú orin náà ló wà bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ló ń ṣe ìdákẹ́jẹ́ tà. Ó ní kí n ṣáà ní sùúrù. Mo ka oókan dé eéjìdínlógún kí ohùn kan ṣoṣo tó padà, tìn, bí ẹni tó ń fi ìka kan kanlẹ̀kùn tí kò dá a lójú pé wọn yóò ṣí i.

Mo bi í pé ta ló ṣe é. Ó ní ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ewúrẹ́ Ọ̀kà ni, pé Èkó ló wà, pé rímíìsì ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe, pé kí ènìyàn mú orin tó ti wà nílẹ̀, kí ó tú u, kí ó sì tún un tò bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Èyí fu mí lára gan-an. Ní tèmi o, ẹni tó tú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, tó tún un tò, tó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Ló bá fi àwòrán ẹni náà hàn mí. Ìwọ ni. Mi ò sọ fún un pé èmi ni mo bí ọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ wádìí ná.

Mo bi í pé ènìyàn mélòó ló ti gbọ́ ọ. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ojú ló ti wò ó. Mo ní ojú ta ni, ṣé gbogbo wọn ló mọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tẹ agogo kan tó wà nísàlẹ̀ kí n lè máa gbọ́ bí orin tuntun bá dé. Kí agogo náà tó gbà, fọ́ọ̀mù kan jáde, ó ń bi mí bóyá ènìyàn ni mí. Mo ní kí Habeebat kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdílé Dáramọ́lá ti wà lórí òkè Ọ̀kà kí fọ́ọ̀mù tó dáyé. Nígbà tó gbà, mo tẹ agogo, mo gbé e sétí títí, kò dún. Ó tún ní kí n fi àtàǹpàkò sí i láti fi hàn pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fà sẹ́yìn. O mọ̀ pé àtàǹpàkò ni bàbá mi tẹ̀ sórí ìwé tí kò kà, tí oko wa tó wà lọ́nà Ìṣùà fi di ti ẹlòmíràn. Mo ní kí ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orin náà fún mi ní Yorùbá, kí n tó tẹ ohunkóhun.

Ìbísọ́lá, bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn.

Mo ti ń fura tipẹ́. Láti oṣù kejì ọdún tó kọjá títí di oṣù kẹjọ o ò wálé, o ní iléeṣẹ́ rán ọ lọ ṣe kọ́ọ̀sì ní Àbújá. Mo bi ìyá rẹ pé kọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ti ń pe nọ́ọ̀sì, nítorí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ lórí fóònù. Nígbà tí mo fi ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ránṣẹ́ pé kí o fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò jogún mi, ìfọwọ́sí tó padà wá wọ́ bí ipa ẹsẹ̀ akàn, akọ̀wé sì kọ̀ ọ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n ti jí ọmọ wa gbé, ẹlòmíràn ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní ohùn rẹ ni. Mo ní kí ni wọn kì í rà ní Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní oyún ni. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní ẹ̀wọ̀n ni. Gbogbo ohun tí ènìyàn lè rò ni mo rò, àfi òótọ́.

Habeebat ló wá ka òótọ́ fún mi, nínú ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ sábẹ́ orin náà. Pé ọ̀kadà gbé ọ ṣubú, apá rẹ ọ̀tún kán níbi méjì, wọ́n fi irin sí i. Pé ojú ọgbẹ́ kò tíì gbẹ tí iléeṣẹ́ fi gbé ẹlòmíràn jókòó sórí àga rẹ. Pé Ọláòtán tó wá síbí pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ láti tọrọ rẹ níyàwó, tí mo fi ẹran ìgbẹ́ ṣe lálejò, ní àwọn ènìyàn òun fẹ́ kí òun ṣì rò ó wò. Pé yàrá Gift ọ̀rẹ́ rẹ lo wà fún oṣù márùn-ún, tí o ń wo àjà. Pé ibẹ̀ lo ti tún ṣe alábàápàdé orin ewúrẹ́, ọwọ́ òsì nìkan lo sì ní láti fi tún un tò, ìyẹn ló jẹ́ kí ó lọ́ra. O ní ìdákẹ́jẹ́ àárín rẹ̀ ni àwọn oṣù tí o ò lè ṣe ohunkóhun. O ní ohùn kejì tó wọlé níparí, tó ń tiro tẹ̀lé èkíní, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni, ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ lè di ṣíbí mú.

Habeebat kò dákẹ́, ó ń ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan ní Brazil ní ọmọ òun kú, orin ewúrẹ́ rẹ ló ń gbé òun dé ibi iṣẹ́. Ẹnì kan ní Japan kí ọ kú ewu. Wọ́n lé ní igba. Igba ènìyàn láti ẹ̀yìn òkun ló ti kí ọmọ mi kú ewu, èmi tí mo bí i wà ní Ọ̀kà, mò ń ṣọ́ omi kànga.

Mi ò sunkún ní Jubilee. Mo kàn sọ fún Habeebat pé èéfín wọ̀ mí lójú. Ó ní èéfín wo, Bàbá? Ni mo wá jẹ́wọ́ pé ọmọ mi ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó bá mi fi orin náà sínú fóònù, kò gba kọ́bọ̀. Èyí náà fu mí lára, ṣùgbọ́n mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo sì tẹ àtàǹpàkò.

Nígbà tí mo délé, mo gbé orin náà fún ìyá rẹ. Bó ṣe dé ibi ìdákẹ́jẹ́, mo fẹ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe pé iná tán, ó gbọ́wọ́ sókè pé kí n panu mọ́. Nígbà tó parí, ó ní òun mọ ibẹ̀ yẹn. Ó ní lọ́dún tí àbúrò rẹ Àyànfẹ́olúwa kú, odindi ọdún kan ni òun fi ń ya ẹnu lásán láàárín ẹgbẹ́ akọrin, tí ohùn kankan kò jáde, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Ìbísọ́lá, àga kejì láti iwájú ni mo máa ń jókòó sí. Èmi tí mò ń fura sí gbogbo ayé, mi ò fura.

Mo ní ìbéèrè díẹ̀ o. Ṣé o ti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni orin? Habeebat ní ará Japan ni. Mo ti ya iṣu mẹ́wàá sọ́tọ̀ tí o máa fi bẹ̀ ẹ́, kí o bá wa wá awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ibẹ̀. Ní ti Ọláòtán, mi ò ṣépè. Mo kàn dárúkọ rẹ̀ létí Ọlọ́run, mo sì dákẹ́. Mo tún lọ sí Ògbàgì lọ́jọ́ Sátidé láti ra ẹ̀rọ rẹ padà. Olùkọ́ yẹn wò mí títí, ó ń fura sí mi. Ó ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, okùn rẹ̀ nìkan ló kù tí ìyàwó òun fi ń sá aṣọ. Mo rà á. Òun ló wà nínú ọ̀rá tó bá lẹ́tà yìí wá. Má bínú sí mi.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ ránṣẹ́, àlọ nìkan, àbọ̀ yóò wá ara rẹ̀. Fún awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá ní owó náà, kí o kà á lójú rẹ̀, kí ó tún un kà lójú rẹ. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kan irin inú apá náà. Bí ohunkóhun bá tún ṣẹlẹ̀ sí ọ, kí Ọ̀kà kọ́kọ́ gbọ́ ná, kí Brazil tó gbọ́.

Òkè tí o ń gùn kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Apá tó kán tó jiná, òun náà ni wàá fi gbé ọmọ jó. Ilé Gift tó gbà ọ́ sílé kò ní ṣófo láéláé. Àṣẹ Olúwa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèbọ̀dé Dáramọ́lá.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa kí ìyá rẹ tó ní kí n ṣí i padà. Ó ní kí n bi ọ́ pé ọwọ́ wo lo fi ń jẹun báyìí. Ó ní bó bá jẹ́ òsì náà ṣì ni, kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí nílé yìí, kí o ṣáà máa jẹun.