Ọkọ̀ Ogun Tí Mo Rà Ní Gbàǹjo

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ara tiwa le, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó tún ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tètè sọ ọ́.

Àwọn sójà ló ń ta ẹrù wọn tó ti gbó ní gbàǹjo, èmi àti ọ̀rẹ́ mi alágbẹ̀dẹ sì lọ síbẹ̀ nítorí tapólì tí mo fẹ́ fi bo àgbàdo. Ọkùnrin kan dúró lórí àpótí, ó mú òòlù dání, ó ń kígbe, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣebí kíkí là á kí i? Mo nawọ́ sókè, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ó tún kígbe, mo tún kí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi òòlù lu tábìlì gbàgà, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù sójà onítáyà mẹ́fà ti di tèmi. Ojú tì mí láti sọ pé mo kàn ń kí i ni. Wọ́n ní kí n fi fóònù sanwó, mo na fóònù mi sí akọ̀wé wọn, ó ní òun kò fẹ́ fóònù. Owó màlúù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tà, tó wà lápò mi, ló yọ mí. Fọ́ọ̀mù wọn wá béèrè ẹni tí yóò lo ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn. Ta ni yóò gbẹ̀yìn mi bí kò ṣe ìwọ? Mo kọ orúkọ rẹ àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ síbẹ̀. Bí sójà bá wá bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́ fi ọkọ̀ ogun ṣe, fún wọn lómi mu.

Alágbẹ̀dẹ ló wà á délé. Hóònù rẹ̀ ti kú, àmọ́ sáírìn tí wọ́n fi ń lé èèyàn kúrò lọ́nà kò dákẹ́ rárá. Gbogbo abúlé wọgbó. Aládùúgbò wa tó sún ààlà wọ oko wa lọ́dún tó kọjá sáré hú òpó ààlà, ó sún un padà, ó sì fi díẹ̀ lára oko tirẹ̀ kún un. Èmi kàn ń nu díńgí ọkọ̀ mi ni.

Ìyá rẹ bi mí pé ogun wo ni mò ń lọ, ó ní òun kò ní bá mi jẹun títí n ó fi dá a padà. Lọ́jọ́ kẹrin, òjò gbé afárá lọ, ìyàwó káfíńtà sì ń rọbí. Kò sí ọkọ̀ tó lè la odò náà kọjá àfi tèmi. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ gòkè, ó gbá obìnrin náà mọ́ra, ó ń pariwo mọ́ alágbẹ̀dẹ pé kó rọra, kó sì yára. Omi dé ilẹ̀kùn, mo di ìjókòó mú. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ọ̀gá ológun ló dé, gbogbo wọn tò sójú kan ṣánṣán. Ọmọbìnrin ló bí, tìyátọmọ ló yè. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ ti rán tìmùtìmù sí ìjókòó iwájú, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀.

Ó wá ní níwọ̀n ìgbà tí o kò ráyè wálé, àwa la máa wá. Sọ fún onílé rẹ kó bá wa fẹ géètì. Jọ̀wọ́, fi owó dísù ránṣẹ́, torí ọkọ̀ náà ń mu epo bí ẹni tó lá iyọ̀. Bí o kò bá sì rí i fi ránṣẹ́, má dààmú, èyí tó wà nínú rẹ̀ la máa fi gbéra, ibi tó bá kú sí la ti máa pè ọ́.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Ọ̀nà rẹ kò ní dí láéláé, àfi lọ́jọ́ tí a bá dé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.