Ọdún Mẹ́rin Láìsí Yín, Ìtọ̀ Pupa Tún Wọlé Wa

Bàbá Bashir, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀! Ọdún mẹ́rin! Ilẹ̀ kì í mọ́ ní Agbamu kí ẹnìkan nínú ilé yìí má dárúkọ yín.

Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ti lórùlé. Qonitah ọmọ yín obìnrin ti kàwé débi pé ó ń tọ́jú àìsàn ẹranko. Bashir ló ń da àwọn mààlúù yín. Kò tà wọ́n, kò sì jẹ́ kí ebi pa wọ́n. Ọmọ yín kò dójú tì yín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Bashir. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa!

Abo dúdú tí ẹ fẹ́ràn jù ló kọ́kọ́ tọ ẹ̀jẹ̀. Bashir dúró ti ìtọ̀ pupa náà nínú koríko. Ẹ̀yin ló rántí. Nígbà tí ìtọ̀ tiyín pọ́n, ńṣe lẹ fi ṣe ẹ̀rín, ẹ ní àtọ̀sí ajá lásán ni, pé ọkùnrin wo ni kò ṣe rí ní kékeré. Àgbo lẹ ń mu títí àìsàn náà fi gbé yín lọ.

Mààlúù náà kú. Qonitah gé díẹ̀ nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó ní jẹjẹrẹ ni, pé fáírọ́ọ̀sì kan ló wọ ibẹ̀. Ó ní àwọn ohun tíntìntín kan wà nínú hóró ara, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì, tó ń ṣe agbára fún un, bíi jẹnẹrétọ̀ fún ilé. Àwọn ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń bà jẹ́. Hóró náà á wá máa tú èyí tó bàjẹ́ palẹ̀, á máa jẹ ẹ́. Ó ní òun kò lè sọ bóyá ìpalẹ̀mọ́ yẹn ń gba mààlúù là ni, àbí ó ń jẹ́ kí hóró tó ti di jẹjẹrẹ máa rí ayé jẹ.

Bashir bi í bóyá ó ń ran èèyàn. Ó ní ti mààlúù ni, òun kò rí i kà níbì kankan pé ó ń ran èèyàn. Bashir tún bi í. Ó tún bi í! Ibẹ̀ ni ara ti fu wá.

Bàbá Bashir, ìtọ̀ ọmọ yín pọ́n! Ó ti pẹ́ tó ti ń dá lọ tọ̀ lẹ́yìn ọgbà, tó ń bu omi dà á mọ́lẹ̀. Bí ẹ ti ṣe é gẹ́lẹ́! Àgbo yín ló tún ń mu. A da àgbo náà nù, Qonitah sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù ní Ọ̀mù-Àrán. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, èsì la ń retí. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bashir kò sùn. Ó jókòó ti àwọn mààlúù yín, ó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ̀.

Ọlọ́hun kó tẹ́ yín sí alùjánnà. A fẹ́ràn yín, àárò yín ń sọ wá lójoojúmọ́. Bí ojú ọmọ yín bá ń wù yín í rí níbẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú àárò rẹ̀ mọ́ra, ẹ má tíì pè é. Àwa náà ń mú àìrí yín mọ́ra.